Kẹ́ ẹ tó ra ìgbòkun fọ́ìlì, òpó tó wà nílẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò

Ìbéèrè tí àwọn tó ń fi pátákó onígbòkun (windsurf) ṣeré lórí omi máa ń bi mí jù, bí wọ́n ṣe ń kúrò lórí fíìnì (abẹ pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ pátákó) bọ́ sórí fọ́ìlì (ìyẹ́ abẹ́ omi tó ń gbé pátákó sókè), ni pé ìgbòkun mítà mélòó ni kí àwọn rà. Èmi náà á sì bi wọ́n padà: òpó wo lẹ ní nílé? Owó òpó kábọ́ọ̀nù tó dáa lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ìgbòkun fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ra ìgbòkun nítorí pé ó wu ojú rẹ̀ lè délé kó wá rí i pé òun ṣì máa wá owó òpó. Ó pẹ́ tí mo ti ń to ìgbòkun oríṣiríṣi sórí òpó oríṣiríṣi, ti ara mi àti ti àwọn ọ̀rẹ́, ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Èyí tó dùn mọ́ni níbẹ̀ ni pé fọ́ìlì kì í béèrè ìgbòkun ńlá. Ìyẹ́ tó wà nísàlẹ̀ omi ló ń gbé pátákó sókè, tí pátákó bá sì ti kúrò lójú omi, ohun tó ń dá a dúró ti dín kù gan-an. Nínú atẹ́gùn kan náà, ìgbòkun tí ẹ máa lò máa ń fi nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin kan sí méjì kéré sí ti orí fíìnì. Ẹni tó ń gbé 7.5 tẹ́lẹ̀ lè rí i pé 6.0 tàbí 5.5 ti tó òun. Ìyẹn ni pé òpó 400 àti 430 (gígùn wọn ní sẹ̀ǹtímítà nìyẹn) tó ti wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lè ti tó wọn láìra òmíràn. Ẹ má jẹ́ kí ti àwọn eléré ìdíje dẹ́rù bà yín. Ní Olympics ọdún 2024, tí wọ́n ṣe eré orí omi rẹ̀ ní Marseille, 9.0 ni àwọn ọkùnrin gbé nínú iQFoil, ìyẹn ìdíje pátákó onígbòkun tó ń lo fọ́ìlì, àwọn obìnrin gbé 8.0. Eré ìje nìyẹn, wọ́n ní láti fò kódà nígbà tí atẹ́gùn ò tó nǹkan, agbára wọn sì ju ti ẹni tó kàn fẹ́ gbafẹ́ lọ.

Ó yá, ẹ mú òpó yín jáde, kẹ́ ẹ wo ara rẹ̀ dáadáa. Wọ́n á ti kọ gígùn rẹ̀ sí i, wọ́n á kọ IMCS, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí òpó ṣe le tó, wọ́n á kọ ìwọ̀n kábọ́ọ̀nù rẹ̀. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Lára ìgbòkun tàbí lára àpò rẹ̀, ẹ ó rí Luff, ìyẹn gígùn etí iwájú tí òpó ń gbà kọjá, ẹ ó sì rí òpó tí wọ́n torí rẹ̀ rán an. Ẹ yọ gígùn òpó kúrò nínú Luff, ohun tó bá ṣẹ́ kù ni àfikún ìsàlẹ̀ òpó gbọ́dọ̀ dí. Ká ní Luff jẹ́ 424, tí òpó jẹ́ 400, sẹ̀ǹtímítà 24 ni àfikún máa yọ. Tí àfikún yín ò bá lè ju 30 lọ, ìgbòkun tí Luff rẹ̀ kọjá 430 kì í ṣe ti òpó 400 yín. Tó bá jẹ́ òpó ló gùn jù, ẹ wò ó bóyá orí ìgbòkun ní bẹ́líìtì tó ṣeé tú sókè. Àwọn kan ní in, àwọn kan ò ní in.

Ibi tí mo ti ń rí i tí ọwọ́ àwọn èèyàn ń jóná jù ni kí wọ́n máa fi mítà ìgbòkun méfò òpó. Ìgbòkun tí wọ́n dìídì rán fún fọ́ìlì máa ń ga, kì í fẹ̀. Ìdí wà fún un. Tí fọ́ìlì bá ti gbé yín, eré yín á pọ̀ débi pé apá iwájú ni atẹ́gùn á máa ti wá bá yín, ìgbòkun tí bọ́ọ̀mù rẹ̀ (ọ̀pá tí ẹ ń dì mú) gùn á sì máa wúwo sí ọwọ́ ẹ̀yìn. Bọ́ọ̀mù kúkúrú rọrùn láti fi fẹ atẹ́gùn lemọ́lemọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ń wá bí ẹ ṣe máa gbéra. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n gé kúrò ní fífẹ̀, wọ́n fi kún gíga. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé 5.0 ti orí ìgbì lè jókòó sórí òpó 400 wọ́ọ́rọ́wọ́, kí 5.0 ti fọ́ìlì sì ní 430 lòun fẹ́. Ẹni tí kò ní ju òpó 400 lọ, ìgbòkun ìgbì tó tó 5.0 tàbí 5.3 á ṣiṣẹ́ fún un lórí fọ́ìlì dáadáa. Mo ń lò ó, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó fúyẹ́.

Ọ̀rọ̀ líle òpó ló kàn. IMCS 19 ló wọ́pọ̀ fún òpó 400, 21 fún 430, 25 fún 460, 29 fún 490. Tí òpó bá le ju ohun tí ìgbòkun fẹ́ lọ, ẹ ó fa okùn ìsàlẹ̀ (èyí tó ń fa ìgbòkun wálẹ̀ sí ìdí òpó) títí, etí ẹ̀yìn ò ní tú, ìgbòkun á sì máa gbá yín mú nígbàkígbà tí atẹ́gùn bá ya dé. Tí òpó bá rọ̀ jù, orí ìgbòkun á tètè ṣubú sẹ́yìn, agbára tó yẹ kó gbé yín dìde á ti bá a lọ.

Bí òpó ṣe ń tẹ̀ yàtọ̀ sí bó ṣe le tó. Òpó méjì lè jọ jẹ́ 430, kí IMCS wọn jọ jẹ́ 21, kí ọ̀kan máa tẹ̀ lápá òkè, kí èkejì le lápá òkè. Tí ohun tí wọ́n kọ sára òpó bá ti pa rẹ́, ẹ lè wọ̀n ọ́n fúnra yín. Ẹ gbé orí rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ lé àga méjì láìsí àfikún, ẹ ta okùn tẹ́ẹ́rẹ́ láti ìkángun dé ìkángun, kẹ́ ẹ so ẹrù kìlógíráàmù 30 mọ́ àárín gbùngbùn rẹ̀. Ká ní àárín òpó 430 wọlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20.5: ẹ fi 20.5 pín 430, ẹ ó rí 21, IMCS rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn bó ṣe wọlẹ̀ tó ní ibi ìdá kan nínú mẹ́rin lápá ìdí àti lápá orí. Tí ti ìdí bá jẹ́ 13.1, tí ti orí jẹ́ 15.8, wọ́n jẹ́ nǹkan bí ìdá 64 àti 77 nínú ọgọ́rùn-ún ti àárín. Ìyàtọ̀ 13 yìí ni wọ́n ń pè ní constant curve, òpó tó ń tẹ̀ déédéé. Tí ìyàtọ̀ bá lọ sókè dé nǹkan bí 19, flex top ni, orí rẹ̀ rọ̀. Tó bá wálẹ̀ sí nǹkan bíi 8, hard top ni, orí rẹ̀ le. Iṣẹ́ yìí kì í gbà pẹ́, mi ò rí ohun mìíràn tó ń là mí lójú nípa òpó tó o.

Ìnípọn náà ń bẹ: RDM tẹ́ẹ́rẹ́, SDM nípọn. SDM kì í wọ àpò òpó (ibi tí òpó ń gbà wọ inú ìgbòkun) tí wọ́n rán fún RDM nìkan. RDM á wọ àpò tó fẹ̀, ṣùgbọ́n tí ìgbòkun bá ní kámù (ike tó so ọ̀pá pẹlẹbẹ inú ìgbòkun mọ́ òpó), àfi kẹ́ ẹ fi èyí tó bá ìnípọn rẹ̀ mu sí i. Ẹ má sì gbàgbé pé àfikún àti orí bọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ bá òpó mu. Ní ti kámù, èmi ò ní í sọ pé kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ fọ́ìlì fọwọ́ kàn án. Ó ń wúwo nígbà tí ẹ bá ń fà á sókè látinú omi, kì í sì í yí wẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ bá ń yípo.

Tẹ́ ẹ bá rí ìgbòkun tí nọ́ńbà rẹ̀ bá òpó yín mu, ẹ gbé òpó dání lọ bá ẹni tó ń tà á, àgàgà tó bá jẹ́ àlòkù. Ẹ to ó sórí koríko, kẹ́ ẹ fa okùn ìsàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ máa wo àárín ọ̀pá pẹlẹbẹ méjì tó wà lókè pátápátá. Etí ẹ̀yìn ibẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ tú. Tí gbogbo òkè bá ti ń mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́ kí ìsàlẹ̀ tó na, òpó yẹn ò bá a lára mu. Tí ẹ bá ti fa okùn débi tí Luff sọ, tí ìgbòkun sì ṣì ń wú, tí etí ẹ̀yìn le gbagidi látòkè délẹ̀, òpó ti le jù nìyẹn. Tí atẹ́gùn bá wà, ẹ gbé e dìde kí ọ̀pá pẹlẹbẹ lè yí sí ọ̀tún àti òsì. Èyí tó bá há mọ́ ara òpó tí kò fẹ́ yí lórí ilẹ̀, ó ṣeé ṣe kó há lórí omi náà.

Tó bá jẹ́ òpó kan péré lẹ ní, tó sì jẹ́ RDM 430 tí IMCS rẹ̀ jẹ́ 21, ẹ wá ìgbòkun 5.5 tàbí 6.0 tí kò ní kámù, tí Luff rẹ̀ wà láàárín 435 sí 455. Tó bá jẹ́ SDM 460 tó ṣẹ́ kù látìgbà eré fíìnì ni, 6.5 sí 7.0 ni mo máa kọ́kọ́ wò, tí àpò òpó rẹ̀ bá gbà á. Ìgbòkun kejì lè dúró títí ẹ ó fi mọ atẹ́gùn tí ẹ sábà máa ń bá pàdé.