Bọ́tìnnì tó lọ fara pamọ́

Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni mo yí padà nínú fáìlì Gradle (ìtọ́ni tí a fi ń kó áàpù jọ) áàpù Android mi lálẹ́ àná: targetSdk, nọ́ńbà tó ń sọ irú Android tí a ṣe áàpù fún, láti 34 (Android 14) sí 35 (Android 15). Mo ní kí n tètè ṣe é kí n lọ sùn, torí láti 31 oṣù Kẹjọ ọdún 2025 ni Google Play ti ní kí áàpù tuntun àti àtúnṣe tó bá ń wọlé jẹ́ ti Android 15, ó kéré tán. Build rẹ̀, ìyẹn kíkó kóòdù jọ di áàpù, lọ wẹ́rẹ́, kò ké, kò sọ nǹkan kan.

Mo wá ṣí i lórí fóònù. Bọ́tìnnì "Fi pamọ́" tó wà nísàlẹ̀ ti wọ abẹ́ àmì mẹ́ta ìsàlẹ̀ fóònù tí a fi ń padà sẹ́yìn tàbí jáde kúrò nínú áàpù. Mo tẹ "Fi pamọ́", fóònù jù mí síta. Ẹ̀ẹ̀mẹta! Lókè, àkọlé áàpù ti gun aago lórí.

Wákàtí méjì gbáko ni mo fi wá ohun tí mo bàjẹ́. Mi ò ba nǹkan kan jẹ́ o. Áàpù tó bá ti jẹ́ 35, lórí Android 15, dandan ni kó ya ara rẹ̀ láti etí dé etí síkíríìnì; òun fúnra rẹ̀ ni yóò béèrè insets, ìyẹn ìwọ̀n àyè tí aago àti àwọn àmì fóònù gbà létí síkíríìnì, kó lè mọ ibi tí kò yẹ kó gbé nǹkan sí. Ó wà nínú ìwé àlàyé gbangba, èmi ni mi ò kà á. (Ta ló ń kà á?)

Ìlà mẹ́rin péré ló tún un ṣe. Ó ku ojú ewé mọ́kànlá nínú áàpù náà.