Àga Kan Ló Dín

Ìkómọ la ṣe ní kọ́ḿpáǹdì wa ní Kubwa lánàá, òní ni mo tó ráyè kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi la to àga rọ́bà, àlejò sì ti ń jókòó nígbà tó ní "Àǹtí, àga dín kan o", bẹ́ẹ̀ kò ka àga, kò ka èèyàn, bàbá kan tó wà lórí ìdúró ló rí. Mo ní kí gbogbo ìlà náà sún sẹ́yìn ní àga kọ̀ọ̀kan, bàbá ríbi jókòó, ni ìyá kan bá tún dìde dúró lẹ́yìn.

Ohun tí Dedekind, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì, kọ lọ́dún 1888 gan-an nìyẹn. Ó ní ohun tí a bá lè so odindi rẹ̀ mọ́ apá kan lára rẹ̀, ọ̀kan fún ọ̀kan, tí ìkankan ò ṣẹ́ kù, ohun yẹn ò lópin. Ká ní àga wa ń lọ láìdúró ni, tẹni àkọ́kọ́ bọ́ sí ìkejì, tẹni ìkejì bọ́ sí ìkẹta, àga iwájú á ṣófo fún bàbá, ẹnikẹ́ni ò sì ní wà lórí ìdúró. Tiwa lópin, ibi yòówù ká tì í sí, ẹnìkan á ṣáà dúró. Yanrìn tí típà ń kó kọjá nígboro níbí, àìlóǹkà là ń pè é, àmọ́ ó lópin, bó hóró kan ló bọ́, ó ti dín.

Èyí tó mú ọkàn mi jù ni ti first-order logic, ìyẹn èdè àmì tí àwọn onímọ̀ ìṣirò fi ń kọ òfin nípa ohun kọ̀ọ̀kan. Ó lè sọ pé "ó kéré tán, méjì wà", "ó kéré tán, mẹ́ta wà", kódà "ọgọ́ta géérégé ni", àmọ́ kò lè sọ pé "ó lópin" lásán láìdárúkọ iye. Ká ní mo ní òfin tó bá gbogbo ohun tó lópin mu, kí n wá kó gbogbo "ó kéré tán" yẹn lé e lórí, títí lọ. Ìwọ̀nba yòówù kó o bù níbẹ̀, nọ́ńbà kan ló máa tóbi jù nínú ẹ̀, a ó sì rí ohun tó lópin tó tóbi tó o. Gödel, onímọ̀ ìṣirò kan, sì ti fi hàn lọ́dún 1930 pé bí gbogbo ìwọ̀nba bá ṣeé ṣe, odindi náà ṣeé ṣe, ohun tó sì gba odindi yẹn ò lè lópin láé. Òfin mi ti gba ohun tí kò lópin wọlé nìyẹn! Mo sì ṣàkíyèsí pé "ìwọ̀nba" tí mo ń sọ yẹn, ohun tó lópin náà ni, a ò lè yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀rí ọ̀hún.

Mo rò pé ibi tó ti há ni pé àga kọ̀ọ̀kan ni logic yẹn lè tọ́ka sí, kò lè sọ̀rọ̀ nípa gbogbo ọ̀nà tí a lè gbà tún wọn tò, ohun tí Dedekind sì nílò nìyẹn.

Ọmọ náà ló padà lọ gbé kéréètì mínírà wá, ó dà á bolẹ̀, ó ní kí màmá jókòó.