Ààfin Dígí: Ẹ Má Wá A Lọ sí Hyde Park

Bí ẹ bá lọ sí Hyde Park ní Lọ́ńdọ̀nù láti lọ wo Crystal Palace, ìyẹn ààfin onídígí, koríko lẹ máa bá. Ọdún 1852 ni wọ́n ti tú u kúrò níbẹ̀, wọ́n sì lọ tún un kọ́ sí gúúsù ìlú. Ẹ tún wọ ọkọ̀ ojú irin dé ibùdókọ̀ tó ń jẹ́ Crystal Palace gan-an lọ́hùn-ún, kò sí ààfin níbẹ̀ náà: iná jó o ráúráú ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kọkànlá, 1936. Àtẹ̀gùn òkúta àti ère sphinx (kìnnìún olórí èèyàn) mélòó kan ló kù. Ẹni tó tìtorí orúkọ lọ, owó ọkọ̀ rẹ̀ ti ṣòfò.

Ìpàtẹ ọjà ńlá ti 1851 (Great Exhibition) ni wọ́n kọ́ ilé náà fún. Prince Albert, ọkọ Ọbabìnrin Victoria, àti Henry Cole, òṣìṣẹ́ ìjọba, ló ṣáájú ètò rẹ̀. Joseph Paxton, alábòójútó ọgbà, ló ya àwòrán ilé. Ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 1,848, ó fẹ̀ ní 408, dígí rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300,000. Òrùlé ló dára jù níbẹ̀. Gọ́tà onígi rẹ̀ ní ojú mẹ́ta: èyí tó tóbi lókè gba òjò, kéékèèké méjì ẹ̀gbẹ́ gba omi tí èémí èrò ń kó sára dígí nínú. Omi á wá gba inú òpó irin sọ̀kalẹ̀, torí ihò wà nínú òpó. Orí gọ́tà yẹn kan náà ni ẹsẹ̀ ọmọlanke tí àwọn tó ń to dígí ń lò ń gbà. Èèyàn 80 to dígí tó lé ní 18,000 lọ́sẹ̀ kan. Síbẹ̀, ilé jò! Dígí tó pọ̀ tó báyẹn, oríkèé ibi tí omi lè yọ́ gbà náà á pọ̀.

Owó ìwọlé ni wọ́n fọgbọ́n ṣe. Pọ́n-ún kan ni níbẹ̀rẹ̀; nígbà tó fi máa parí oṣù Karùn-ún, ó di ṣílè kan, Mọ́ńdè sí Tọ́sìdeè. Ìgbà yẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ rọ́ dé, tí Thomas Cook, oníṣòwò ìrìn àjò, ń fi ọkọ̀ ojú irin kó wọn wá. Schweppes, ilé iṣẹ́ ẹlẹ́rìndòdò, san £5,500 kó tó lè ta oúnjẹ níbẹ̀, wọn ò sì gbà kí wọ́n ta ọtí. Kódà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí George Jennings ṣe síbẹ̀, kọ́bọ̀ kan (pẹ́ńì kan) ni. Èèyàn tó lé ní 827,000 ló san án.

Èrè £186,000 ló kù, òun ni wọ́n fi ra ilẹ̀ South Kensington. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ lọ: ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí Victoria and Albert (V&A), Science Museum àti Natural History Museum, ọ̀fẹ́ ni ìwọlé. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ gba ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ láti ibùdókọ̀ South Kensington.

Lẹ́yìn náà, ẹ rìn lọ síbi ère Prince Albert oníwúrà (Albert Memorial). Ìwé tó mú dání, àkójọ ohun tí wọ́n pàtẹ lọ́dún 1851 ni. Ṣùgbọ́n irin tí wọ́n fi ṣọgbà yí i ká ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ súnmọ́ ọn, ó sì ga. Ẹ mú awò tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ni dání.