Sítíárìn Tó Ń Gbọ̀n Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan: Ẹ Má Tíì Ra Páàtì

Sítíárìn tó ń gbọ̀n ní gbogbo ìgbà kì í ṣòro wò. Èyí tó gbọ̀n lónìí, tó dákẹ́ lọ́la, tí kò sì ní gbọ̀n rárá tí ọkọ̀ bá dé iwájú mẹkáníìkì, òun ló ń jẹ owó ẹni tó ra ọkọ̀ àlòkù. Wọ́n á pààrọ̀ táì rọ́ọ̀dù (irin tó so sítíárìn mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀), wọ́n á pààrọ̀ ṣọ́kì, wọ́n á ṣe aláímẹ̀ntì, pàbó ló máa ń já sí. Aláímẹ̀ntì tiẹ̀ kọ́ rárá: iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ọkọ̀ má fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí táyà má sì jẹ níbi tí kò yẹ.

Gbígbọ̀n yìí kì í ṣàdédé wá. Ohun kan ló ń jí i: eré tí ọkọ̀ ń sá, bíréèkì, tọ́rótù tí ẹ tẹ̀, ooru, tàbí bó ṣe pẹ́ tó tí ọkọ̀ ti wà lójú kan. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan sípánà, ẹ wa ọkọ̀ náà jáde pẹ̀lú ẹnìkan tí yóò máa kọ ọ́ sílẹ̀: eré tó wà lójú mítà, ibi tí ẹsẹ̀ yín wà, ìṣẹ́jú mélòó tí ọkọ̀ ti rìn, àti ohun tó ń gbọ̀n gan-an. Bó bá jẹ́ sítíárìn, iwájú ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bó bá jẹ́ ìjókòó àti ilẹ̀ ọkọ̀, ẹ̀yìn ló sábà máa ń jẹ́.

Ní ojú ọ̀nà tó gún, tí kò sí ọkọ̀ mìíràn níbẹ̀, ẹ sáré dé ibi tó ti ń gbọ̀n, kí ẹ wá gbé jíà sí nútúrà. Ẹ má pa ẹ́ńjìnnì o, torí sítíárìn á le, bíréèkì náà á le. Bó bá ṣì ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì kọ́, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni. Bó bá dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ lọ wo síìtì ẹ́ńjìnnì (rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé) àti ṣáàfù (irin tó ń gbé agbára láti gíábọ́ọ̀sì dé ẹsẹ̀ ọkọ̀), pàápàá jọ́ìntì ṣáàfù ti inú lọ́hùn-ún, tó wà lápá gíábọ́ọ̀sì. Èyí tó bá ti jẹ máa ń gbọ̀n nígbà tí ẹ bá tẹ tọ́rótù gun òkè, á sì dákẹ́ bí ẹ bá ti gbé ẹsẹ̀. Jọ́ìntì ti ìta ló ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ tí ẹ bá ń ṣẹ́ kọ́nà. Ẹ má da àwọn méjèèjì pọ̀.

Bó bá jẹ́ láàárín 80 sí 110 kìlómítà ní wákàtí kan ló ń yọjú, bàláǹsì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, ìyẹn bí ìwúwo ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe dọ́gba yípo. Táyà 205/55R16 máa ń yí nǹkan bí ìgbà 14 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan tí ọkọ̀ bá wà lórí 100. Bí òjé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ríìmù kí ìwúwo lè dọ́gba bá já bọ́, kódà kó jẹ́ gíráàmù 20 péré, á máa fa ẹsẹ̀ náà pẹ̀lú agbára tó tó ìwúwo kílò 3, lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú ni pé eré kò yí padà, ọ̀nà kò yí padà, síbẹ̀ ó gbọ̀n díẹ̀, ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní kò lè jẹ́ bàláǹsì. Ó lè jẹ́ ẹ̀ dáadáa. Bí ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì bá ní ibi tó wúwo, tí ti ọ̀tún bá wà níwájú nígbà tí ti òsì wà lẹ́yìn, apá kan náà ni wọ́n jọ ń ti sítíárìn sí, ọwọ́ yín á sì mọ̀ ọ́n lára. Bí méjèèjì bá jọ wà níwájú lẹ́ẹ̀kan náà, apá òdìkejì ni oníkálukú wọn ń tì í sí, wọ́n á pa agbára ara wọn. Nígbà tí ọkọ̀ bá ṣẹ́ kọ́nà, táyà ẹ̀gbẹ́ ìta máa ń yí ju ti inú lọ, bí wọ́n ṣe tò síra wọn á sì dàrú. Gbígbọ̀n tó ń yí padà lẹ́yìn kọ́nà kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì ni ẹ máa gbé lọ fún bàláǹsì, kì í ṣe ẹyọ kan.

Kí wọ́n tó gbé e sórí ẹ̀rọ bàláǹsì, ẹ fọ ẹrẹ̀ inú ríìmù kúrò. Lẹ́yìn tí wọ́n bá lẹ òjé tán, ẹ ní kí wọ́n tún un yí: òdo ló gbọ́dọ̀ hàn nínú àti lóde. Bí ẹ̀rọ bá ń béèrè ju gíráàmù 60 lọ lójú kan, èmi ò ní gbà kí wọ́n kàn máa lẹ òjé. Ríìmù ti tẹ̀ tàbí táyà ti bàjẹ́.

Ẹ rántí pé ìwúwo ni ẹ̀rọ yẹn ń wọ̀n, kì í ṣe bí táyà ṣe rí. Táyà tí wáyà inú rẹ̀ ti ń ṣí lè fi òdo hàn, kó sì máa gbọ̀n sítíárìn. Ẹ fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ náà, ẹ gbé bírò sórí búlọ́ọ̀kù kí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú táyà, kí ẹ rọra máa yí i. Bí àlàfo yẹn bá ń fẹ̀, tó ń há, tí ìyàtọ̀ rẹ̀ ju mìlímítà 1.5 lọ, tàbí tí ojú táyà wú níbì kan, ẹ yọ táyà náà kúrò, ẹ má sì tún lò ó, torí ó lè bẹ́ lórí eré. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn DOT (àmì tó ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe táyà) lára rẹ̀ pẹ̀lú: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Bó bá sì jẹ́ pé lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti dúró fún ọjọ́ mélòó kan ló ń gbọ̀n, tó dákẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú bíi 15, ojú táyà tó kanlẹ̀ ló pẹ̀rẹ̀sẹ̀ tó sì ń padà bọ̀ sípò.

Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì nìkan, dísìkì ni, irin pẹrẹsẹ tí bíréèkì ń fún mú. Àwọn èèyàn á ní ó ti "tẹ̀", ṣùgbọ́n ohun tó wọ́pọ̀ jù ni pé kò nípọn bákan náà yípo mọ́. Ẹ fi maikirómítà wọ̀n ọ́n níbi mẹ́jọ. Ìyàtọ̀ tó bá ti ju mìlímítà 0.02 lọ ti tó láti gbọ̀n sítíárìn. Ohun tó sábà ń fà á ni ìpẹtà láàárín họ́ọ̀bù (irin tí dísìkì àti ríìmù ń jókòó lé) àti dísìkì. Bí ẹ bá fi dísìkì tuntun lé ìpẹtà yẹn, gbígbọ̀n á padà wá, torí náà ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á títí irin á fi dán.

Kálípà, ohun tó ń fún páàdì bíréèkì mọ́ dísìkì, tó bá ń gán ló máa ń fara pamọ́ jù. Ọkọ̀ á rìn dáadáa fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n; ẹ páàkì fún wákàtí kan, ó lọ. Nígbà tó bá ń gbọ̀n lọ́wọ́, ẹ dúró láì tẹ bíréèkì líle, kí ẹ fi ọwọ́ sún mọ́ ríìmù ọ̀tún àti tòsì láì fọwọ́ kàn án. Èyí tó gbóná ju èkejì lọ ni ẹlẹ́bi. Ẹ gbé e sókè, ẹ yí i. Bó bá le, ẹ tú nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń yọ afẹ́fẹ́ lára kálípà díẹ̀. Bí táyà bá tú sílẹ̀, họ́ọ̀sì bíréèkì ti wú nínú, kò jẹ́ kí epo bíréèkì padà. Bí kò bá tú, písítìnnì tàbí píìnì kálípà ló gán.

Nípa táì rọ́ọ̀dù àti bọ́ọ̀lù jọ́ìntì (oríkèé tí ẹsẹ̀ iwájú fi ń yí): ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ mì í; bó bá ń mì, bíárìn tàbí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ni. Bó bá jẹ́ ọ̀tún àti òsì táyà náà lẹ dì mú tó mì, táì rọ́ọ̀dù ni. Ẹ pààrọ̀ èyí tó bá ti jẹ. Ṣùgbọ́n ó wọ́pọ̀ pé àwọn wọ̀nyí kàn ń sọ gbígbọ̀n kékeré di ńlá ni, ìdí rẹ̀ wà níbòmíràn. Ẹni tó pààrọ̀ wọn nìkan fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Bí ẹ ò bá tíì rí i, ẹ gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì lọ sẹ́yìn, ẹ gbé tẹ̀yìn wá síwájú, bí ìwọ̀n wọn bá dọ́gba. Bó bá di ìjókòó ló ń gbọ̀n, inú táyà àti ríìmù yẹn ló wà. Bí kò bá yí padà, ẹ padà sọ́dọ̀ họ́ọ̀bù. Nígbà tí ẹ bá ń dá nọ́ọ̀tì padà, ẹ máa fò láti ọ̀kan sí èyí tó kọjú sí i, kí ẹ fi sípánà oníwọ̀n mú un dé iye tí ìwé ọkọ̀ sọ. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré wà láàárín 90 sí 120 Nm (ìwọ̀n agbára tí a fi ń dì nọ́ọ̀tì). Ẹ tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti rìn tó kìlómítà 50 sí 100.