Gbogbo ẹ̀ ń jáde ní méjì-méjì

Ẹ̀yin ará, ohun tí mo rí nídìí AFM (maikirosíkóòpù tó ń fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ tín-ín-rín, ìyẹn tip, fọwọ́ ba ojú nǹkan láti yàwòrán ẹ̀) láàárọ̀ yìí ṣì ń yà mí lẹ́nu o. Góòlù kéékèèké tí mo tẹ́ sórí mica (òkúta tí ojú ẹ̀ tẹ́jú gan-an), ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ìbejì lápá ọ̀tún, àlàfo àárín wọn ò sì yàtọ̀ rárá, ó gún régé débi pé èèyàn á fẹ́ gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́.

Mo bá yí sample fúnra ẹ̀, ìyẹn mica tí góòlù wà lórí ẹ̀, ní 90°, ìbejì ò kúrò lápá ọ̀tún; tó bá jẹ́ òótọ́ ni wọ́n wà níbẹ̀, wọn ì bá bá sample yí. Ṣóńṣó tip ló ti là sí méjì nìyẹn, nǹkan kan ṣoṣo ló ń fọwọ́ bà lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi tip sílíkọ́nì tuntun sí i, èyí tí rédíọ́ọ̀sì ṣóńṣó ẹ̀ ò tó 10 nm (nanomítà), ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n di ẹyọ kọ̀ọ̀kan, inú mi dùn gan-an!

Ṣé ẹ̀yin náà ti rí irú ẹ̀ rí?