Ọjọ́ Mẹ́ta Lórí Kẹ̀kẹ́ ní Utrecht

Ọdún kẹfà rèé tí ẹ̀gbọ́n mi ti gun kẹ̀kẹ́ kẹ́yìn. Awakọ̀ kan páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ṣílẹ̀kùn mọ́tò láìwẹ̀yìn, ilẹ̀kùn náà sì gbá wọn lulẹ̀. Eegun èjìká wọn ṣẹ́. Nígbà tí mo ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sí Netherlands, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n bá mi sọ: "Má gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ o."

Mo gùn ún. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gùn ún nílùú Utrecht.

Abẹ́ ibùdókọ̀ rélùwéè ni ẹnu ti kọ́kọ́ yà mí. Ibi ìgbékẹ̀kẹ́sí alájà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, wọ́n parí rẹ̀ lọ́dún 2019, ó sì ń gba kẹ̀kẹ́ 12,500. Orí kẹ̀kẹ́ lèèyàn ti ń wọlé, bóọ̀dù oníná á sì máa fi iye àyè tó ṣẹ́ kù hàn. Wákàtí 24 àkọ́kọ́, ọ̀fẹ́ ni. Mo rí bàbá kan tó wọ kóòtù, ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sórí irin, ó fọwọ́ kan tì í wọlé, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ kejì gòkè lọ bá rélùwéè. Kẹ̀kẹ́ gbé e dé ibùdókọ̀, rélùwéè gbà á lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́. Ẹni tọ́rọ̀ rẹ̀ rí báyìí lè máa lọ síbi iṣẹ́ tó wà nílùú mìíràn, kó má ní mọ́tò rárá.

Kẹ̀kẹ́ tí mo yá kò ní bíréèkì lọ́wọ́. Tó o bá fẹ́ dúró, ńṣe ni wàá wa pẹ́dàlì sẹ́yìn.

Oríta ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí ibẹ̀ ni mọ́tò tó ń yà sọ́tùn-ún ti máa ń kọlu ẹlẹ́kẹ̀kẹ́. Nígbà tí mo dé oríta ńlá àkọ́kọ́, mo sọ̀ kalẹ̀, mo wò ó fínnífínní. Wọ́n mọ nǹkan kan bí erékùṣù kékeré sí igun rẹ̀. Mọ́tò tó bá fẹ́ yà gbọ́dọ̀ yí i po, kò lè sáré. Nígbà tó bá fi máa dé ibi tí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ti dábùú, imú rẹ̀ ti kọjú sí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ gbọnrangandan; ojú rẹ gan-an ni awakọ̀ ń wò, kì í ṣe pé ó ń fi jígí wá ọ. Àyè tó gba mọ́tò kan sì wà níbẹ̀, tó lè dúró sí láìdí ẹni tó wà lẹ́yìn lọ́wọ́. Simẹ́ńtì lásán ni o! Tọmọdé tàgbà ló ń kọjá níbẹ̀, kò sì béèrè ìgboyà lọ́wọ́ ẹnì kankan. Ó dùn mí pé gbólóhùn tí wọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n mi lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn kò ju "ẹ máa ṣọ́ra" lọ.

Láwọn àdúgbò kan, títì pupa ni wọ́n tẹ́ látòkè délẹ̀, pátákó ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì kà pé Auto te gast: mọ́tò ni àlejò níbí. Mọ́tò kan tẹ̀ lé mi jẹ́ẹ́jẹ́ níbẹ̀ títí mo fi yà. Kò fun fèrè.

Mo sọ fún Àǹtí tí mo dé sọ́dọ̀ wọn pé bóyá bí wọ́n ṣe ń gbé látìgbà ìwáṣẹ̀ nìyẹn. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀.

"Ìjà ni wọ́n fi gbà á," ni wọ́n wí. "Lọ́dún 1971, ó lé ní 3,000 èèyàn tí jàǹbá ọkọ̀ pa lórílẹ̀-èdè yìí. Ó lé ní 400 ọmọdé tó wà nínú wọn."

Àwọn òbí tú síta, wọ́n dá ẹgbẹ́ Stop de Kindermoord sílẹ̀, ìyẹn ni pé ẹ yéé pa àwọn ọmọ. Nígbà tó di 1973, epo rọ̀bì di ọ̀wọ́n, ìjọba ní kí mọ́tò má rìn lọ́jọ́ Sunday, àwọn èèyàn sì rí títì tó ṣófo tí ọmọdé ń ṣeré lórí rẹ̀. Ojú wọn rí i, ọkàn wọn ò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Àǹtí mú mi dé etí omi Catharijnesingel, tí wọ́n fa omi apá kan rẹ̀ gbẹ nígbà yẹn láti la títì márosẹ̀ gba ibẹ̀. Ọdún 2020 ni wọ́n parí dídá omi rẹ̀ padà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo gba Dafne Schippersbrug, àfára ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ tó gba orí òrùlé ilé ìwé kan kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ọmọbìnrin kékeré kan wà níwájú mi, báàgì lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí atẹ́gùn dé, ìyá rẹ̀ tó ń gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn, ó rọra ń tì í.

Ìgbà tí mo ń lọ dá kẹ̀kẹ́ padà ni mọ́tò kan páàkì níwájú mi. Àyà mi já. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ni awakọ̀ náà nà kọjá àyà rẹ̀ láti ṣí ilẹ̀kùn òsì, èyí sì yí ojú rẹ̀ sẹ́yìn; ó rí mi, ó dáwọ́ dúró, mo kọjá.

Lálẹ́, mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Mo jẹ́wọ́, mo sì ròyìn ilẹ̀kùn yẹn fún wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

"Ọwọ́ wo lo ní ó fi ṣí i?"

"Ọwọ́ ọ̀tún, ẹ̀gbọ́n mi."

"Rọra tún un sọ."