Ebè Ewédú Tí Kò Hù

Ọjọ́bọ̀, ọ̀sẹ̀ kejì ọlidé inú ọgbà, Ìbàdàn

Ọmọ 14 ló wá lónìí. Kí n tó ti géètì tán ni mẹ́ta nínú wọn ti lóṣòó sídìí ebè, tí wọ́n ń fi rúlà wọn tẹ̀tẹ̀ tí a gbìn ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Tẹ̀tẹ̀ kò yọ wá lẹ́nu rárá: ó ti yọrí kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó sì ti ga tó sẹ̀ǹtímítà 4 báyìí. Òjò ti ń sinmi láti ìparí oṣù tó kọjá, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń rí nílẹ̀ wa ní oṣù Kẹjọ, nítorí náà àwọn ọmọ fúnra wọn ni wọ́n ń pọn omi láti inú kànga láràárọ̀, tí wọ́n ń fi agolo tí a dá ihò sí nídìí wọ́n ọn.

Ebè ewédú ni ìṣòro. Ọjọ́ kan náà la gbìn ín, ilẹ̀ kan náà ló wà, omi kan náà ló ń mu, síbẹ̀ kò sí ewé kan ṣoṣo níbẹ̀. Ọmọdékùnrin ọmọ ọdún 7 kan ló ni ín, ojoojúmọ́ ló sì ń fi ìka tú ilẹ̀ rẹ̀ wò. Lónìí, ó rí ẹyọ irúgbìn kan, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó mú un wá bá mi. “Àǹtí, ẹ wò ó, ó ṣì ń sùn.”

Èmi ni mo jẹ̀bi. Èèpo irúgbìn ewédú le, omi kì í tètè wọ inú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìyá mi fi máa ń dì í sínú àkísà kékeré, tí á rì í bọ inú omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, tí á ka ení dé ẹ̀wá, kí ó tó fà á yọ. Láti kékeré ni mo ti mọ èyí. Ìwàǹwára ọjọ́ àkọ́kọ́, tí olúkúlùkù ọmọ fẹ́ gbin tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ni kò jẹ́ kí n rántí. Mo pe gbogbo wọn jọ, mo sọ ohun tí mo ṣe fún wọn, mo sì gbé kẹ́tùlù kaná. Ọmọbìnrin kan tó máa ń rò kó tó sọ̀rọ̀ bi mí pé, “Àǹtí, ṣé kò ní jinná?” Mo ní nítorí kó má baà jinná la ṣe ń kà á. Ni gbogbo wọn bá fi ariwo kà á: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Oníyẹ̀yẹ́ kan fẹ́ kà á dé ogún, àwọn tó kù ni wọ́n pa á lẹ́nu mọ́. A ta okùn sí àárín ebè náà, a gbin èyí tó wẹ omi gbígbóná sápá ọ̀tún, a fi apá òsì sílẹ̀ bó ṣe wà.

Bàbá kan ti dá mi dúró lẹ́nu géètì láàárọ̀ láti béèrè ìgbà tí lẹ́sìnnì ìṣirò yóò bẹ̀rẹ̀. Mo fi ìwé ọmọ rẹ̀ hàn án, níbi tí ó ti kọ gíga tẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún léraléra, tó sì yọ tàná kúrò nínú tòní. Ó wò ó, ó ní ó dára, ó tún bi mí ní ìbéèrè kan náà.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Màmá aláró dé pẹ̀lú ìkòkò ẹ̀kọ láfún tí a fi álọ́ọ̀mù sè, àti ìyẹ́ adìyẹ tí a gé ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó. Wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan sílẹ̀ (aṣọ tí a fi ẹ̀kọ ya kí a tó rẹ ẹ́ sínú aró), èyí tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàn Dùn, wọ́n sì fi òpó Gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929, hàn wọ́n lára aṣọ náà, pẹ̀lú ṣíbí tó wà láàárín àwọn òpó. Òfin kan ṣoṣo ni mo fún àwọn ọmọ: ohun tí o bá fi ojú ara rẹ rí nínú ọgbà ni kí o yà. Ọ̀pọ̀ ló ya ewé tẹ̀tẹ̀. Ẹnì kan ya ìtẹ́ ẹ̀gà tó ń fì lórí ọ̀pẹ aládùúgbò wa. Ẹlòmíràn ya patanmọ́ nígbà tó ṣẹ́po àti nígbà tó là (wọ́n ti bi mí ní ìtumọ̀ orúkọ yẹn, mo sì ti dọ́gbọ́n yí ọ̀rọ̀ padà).

Ọmọ tó ni ebè ewédú fi ẹ̀kọ ya ìlà ewé sápá kan, ó ya onígun mẹ́rin ńlá sápá kejì, kò sì fi nǹkan kan sínú rẹ̀. Ó ní ebè òun nìyẹn. Mo ti ń ṣí ẹnu láti ní kí ó fi nǹkan díẹ̀ sí i, kí ó má baà rí òfìfo, nígbà tí Màmá di ọwọ́ mi mú. “Fi í sílẹ̀, ọmọ mi. Ibi tí ẹ̀kọ kò bá dé ni aró ń wọ̀ jù.”

Oòrùn oṣù Kẹjọ kò lágbára, ẹ̀kọ kò sì tíì gbẹ tán nígbà tí àwọn òbí wá kó àwọn ọmọ lọ, ìyẹn ni a ṣe sún rírẹ aṣọ sí ọ̀la. Ní nǹkan bí aago mẹ́fà, mo kó àwọn aṣọ náà wọ pálọ̀ nítorí ìrì. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí tí mo fi ìka kan etí onígun mẹ́rin ọmọ yẹn láti wò ó bóyá ó ti gbẹ. Kò tíì gbẹ. Ojú ìka mi ti wà níbẹ̀ báyìí, ó kéré, àmọ́ ọmọ náà yóò rí i.